Ọwọ́ Ọ̀tún Al-Ameen

                                        Ojúlé Kẹjọ, Ọ̀nà Mọ́sálásí,
                                        Adéwọlé, Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        19 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ìyá Huda, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Huda ńkọ́? Huda fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ẹ kú ooru, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò mú ẹ̀mí lọ. Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ẹkún kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin.

Ọ̀rọ̀ Al-Ameen, àbúrò mi, ni. O mọ̀ pé ilé búrẹ́dì kan ní Ṣàngó ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe é kúrò lẹ́yìn ààwẹ̀, Alhaji Màmúdù tó ni ibẹ̀ kò sì gba ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ṣe di ti Al-Ameen nìkan nìyẹn. Bó bá délé, á sùn lọ nídìí oúnjẹ. Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ wo ló wà níta.

Ó lọ ní àárọ̀ Àlàmísì kan, kò wálé. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, ó lọ bá Alhaji. Sufyan tó ń yan búrẹ́dì wà níbẹ̀, òun ló ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Alhaji, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n lọ sùn díẹ̀. Oorun ń kùn mí."

"Ṣé o fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi ní ọjà Ìpàtà lọ ra ti ẹlòmíràn ni? Po ẹ̀ẹ̀kan yìí sí i, kí o tó máa lọ."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Orí ìdúró ni oorun ti gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Kí Sufyan tó sáré pa iná, ọwọ́ ọ̀tún ti run. Dókítà gé e lọ́rùn ọwọ́.

Alhaji kì í ṣe ìkà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó sunkún níwájú Bàbá wa. Ṣùgbọ́n omijé kò lè hu ọwọ́. Bàbá tó máa ń nà wá ní kékeré bí a bá fi òsì jẹun ló ń bọ́ Al-Ameen báyìí, torí ọmọ náà kọ̀, kò fi òsì kan oúnjẹ. Bàbá ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún un. Al-Ameen kàn ń mi orí ni.

Ìyá Huda, ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó lajú?

"Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ Alhaji kí wọ́n má lé mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ sùn."

O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé aṣọ Iléyá ti pọ̀ jù, pé àwọn ọmọbìnrin tó ń ránṣọ fún ọ kò ní lọ sílé mọ́ títí ọdún. Mo kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Al-Ameen. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Èyí tí mo fojú rí, iṣẹ́ ni. Dá lára àwọn aṣọ náà padà. Oníbàárà á bínú, inú rẹ̀ á sì tún rọ̀.

Bá mi kí Bàbá Huda, kí o sì bá mi kí Qudrah àti àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ fún ọ. Bí lẹ́tà yìí bá bá àwọn ọmọ náà nídìí máṣíìnì, ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ sùn.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́,
                                        Hadiyyah.