Fọ́tò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yunifásítì

Ìsọlọ̀,
Oṣù Kẹfà, 1975.

Àǹtí Olúfọlákẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù London o. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹsẹ̀ Bàbá ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù wọn ra fáànù. Ojú Màmá ni ò ríran dáadáa mọ́.

Yunifásítì tí ẹ bá mi gba fọ́ọ̀mù wọn ti ní kí n máa bọ̀ wá ka òfin sí i. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, Àǹtí. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí Kẹ́hìndé ìkejì mi ti kú ní kékeré, Màmá kì í jẹ́ kí n dá nìkan ya fọ́tò. Nígbà tí mo lọ ya ti fọ́ọ̀mù, wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, onífọ́tò ya tèmi. Mo wá wọ onílà tí Màmá fi ìwọ̀n mi rán fún Kẹ́hìndé, ó ya tiẹ̀ náà.

Àṣé tiẹ̀ ni mo kì sínú àpòòwé! Tèmi ni Màmá gbé kọ́ ògiri. Àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró níwájú ẹ̀, wọ́n á ní, "Kẹ́hìndé, máa ṣọ́ ìkejì rẹ tó ń lọ." Bàbá ti rí i pé tèmi ni, wọ́n fi í síbẹ̀.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kóòtù tó nípọn. Tí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ tètè pè mí ní Táíyé kí ẹlòmíì tó pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá pe Kẹ́hìndé, màá dáhùn.

Èmi àbúrò yín,
Táíyé.