Fọ́ọ̀mù Tí Mo Dá Padà fún Ọlọ́run

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé ara sì le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi omijé ka lẹ́tà ara wa láéláé. Àwa náà wà, kódà a wà dáadáa ju bí a ṣe wà lóṣù tó kọjá lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

O mọ̀ pé nǹkan funfun kan ti bo ojú bàbá rẹ méjèèjì láti ọdún tó kọjá. Ìṣó tí wọ́n bá fẹ́ kàn, àtàǹpàkò wọn ni òòlù ń bá. Àga tí wọ́n kàn gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kanlẹ̀, ìkẹrin ń wòran. Fúnra wọn ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀rù bà mí. Kápẹ́ńtà tí ò ríran, kí ló kù tó fẹ́ ṣe?

Mo bá kọjú sí àdúrà. Mo gbààwẹ̀ títí yẹ̀rì ò fi dúró nídìí mi mọ́. Pàbó. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mi ò tíì jẹ́wọ́. Mo wá inú ara mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, mo rí díẹ̀, mo jẹ́wọ́ wọn, mo tiẹ̀ dá ìkòkò aládùúgbò padà. Ojú ò là.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé ìwòsàn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ọ́, kí n dá a padà. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, mi ò dúró gbọ́ tán. Fọ́ọ̀mù ní, kí lorúkọ aláìsàn? Kí ló ń ṣe é? Láti ìgbà wo? Ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà máa ń béèrè náà kọ́ nìyẹn? Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀, mo kọ ọ́ pé Jésù ni dókítà wa, kí ibẹ̀ má bàa ṣófo. Mo ká a sí mẹ́rin, mo jù ú sínú àpótí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó di oṣù mẹ́ta kí Pásítọ̀ tó ṣí àpótí. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n bi mí pé ta ló ní kí n ju ìwé yìí síbẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì ló ní kí n dá a padà. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní ìwé iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀fẹ́ ni, pé èsì àdúrà mi ni Ọlọ́run fi rán nọ́ọ̀sì, mo sì dá a padà fún Un.

Kíá la gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n dẹ́kun orúkọ gbígbà! Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, bàbá rẹ wò mí fín-ín-fín, wọ́n ní ìgbà wo ni mo hu ewú. Mo ní nígbà tí mò ń gbààwẹ̀ nítorí yín ni.

Ọmọ mi, mi ò ní parọ́: gbogbo àdúrà kọ́ ló ń rí báyìí. Àbúrò mi gbàdúrà lórí ọmọ rẹ̀ jù mí lọ, ọmọ náà ṣì kú. Mi ò mọ ìdí. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, kó lọ sọ ọ́ lójú àbúrò mi. Èyí tí mo rí ni mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Ilé ìwòsàn ti tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi pé ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ojú kejì. Mo fèsì, mo kí ẹni náà dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì ó tún fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́. Kò ní ẹ̀kọ́ ilé, àmọ́ ó rántí wa, mo ti dárí jì í.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ ni, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Jọ̀ọ́, wá owó ọkọ̀ ẹni méjì, àlọ àti àbọ̀, àti owó oògùn ojú. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ ibẹ̀ bi mí ní nọ́ńbà àṣírí, mi ò sì ní sọ àṣírí fún ẹni tí mi ò mọ ìyá rẹ̀. Gbé e wá fúnra rẹ. Bàbá rẹ ní ohùn rẹ nìkan làwọn ń gbọ́ láti ọdún kan, àwọn fẹ́ fi ojú tuntun wo ọmọ àwọn.

Olúwa tó fara da àìgbọ́n mi yóò fara da tìrẹ. Ìdáhùn àdúrà rẹ ò ní kọjá lára rẹ, wàá sì dá a mọ̀ nígbà tó bá kanlẹ̀kùn.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń retí rẹ.