Bísíkíìtì Tí Kò Wú

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Bí mo bá ti dé láti kíláàsì, mo máa ń gé bọ́tà tútù wẹ́wẹ́ sínú ìyẹ̀fun, màá da wàrà kíkan sí i, màá pò ó, màá wá fi ẹnu kọ́ọ̀bù gé e róbótó kí n tó yan án. Bísíkíìtì ìlú òyìnbó yìí kì í ṣe ti inú páálí. Búrẹ́dì kékeré ni, ó yẹ kó wú, kó rọ̀.

Tèmi kò wú. Mo fi gbogbo agbára pò ó títí ó fi ń dán, bí Màmá ṣe máa ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Mo gbé èyí tí mo yan lánàá lọ síbi tí àwọn ará kíláàsì ti jọ jẹun lónìí. Mo rò pé ẹnì kan á tìtorí ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan gé e jẹ, ó rọra fi tíṣù wé ìyókù. Ó ní, "A kì í pò ó tó báyẹn." Kúnlé, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, fi tiẹ̀ gbá tábìlì, kò-kò-kò. "Sister, ṣé òkúta lo yan ni? Eyín mi o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú padà sí ara wọn.

Àǹtí Ṣadé, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n ra bọ́tà náà. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n béèrè: "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, mà."

"Ṣebí mo sọ! O ti lọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn."

Báàgì mi ṣì wúwo.

Lọ́la, kí Àǹtí tó jí, màá gbé bísíkíìtì tó kù nínú báàgì lọ sídìí ike ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Màá fi wọ́n sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà dún.