Lẹ́tà Igi Apá Tí Ẹ Gbẹ́

Bàbá mi, oníṣẹ́ igi Òkìtìpupa,

Ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. Wọ́n ti jí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹni tí mo sì pè ní àbúrò ló jí i.

Ṣé ẹ rántí àwọn lẹ́tà tí ẹ fi igi apá gbẹ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín? Wọ́n ga, wọ́n sanra, síbẹ̀ wọ́n fún mọ́ra bí èrò orí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo wọn ló sì ní ẹsẹ̀ kéékèèké tí wọ́n fi dúró. Orúkọ àwọn ìjọ aládùúrà tí ẹ ń tẹ ìwé ìkéde fún gùn, bébà yín kò fẹ̀, ẹ sì kọ̀ láti gé orúkọ ìjọ sí méjì. Bí ẹ bá gbẹ́ ọ̀kan tán, ẹ ó fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, ẹ ó fẹ́ èérún igi kúrò.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sìnkú olùkọ́ kan ní Ìrẹ̀lẹ̀, mo sì rí lẹ́tà yín nínú ìwé ìkéde tó wà lára ògiri. Mo sún mọ́ ọn. R tí ọ̀bẹ yín yọ̀ lára rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi kúrú, ó ṣì kúrú bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: ẹnì kan ti ya àwòrán lẹ́tà yín, ó sì sọ wọ́n di lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Mo wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kàn. Ó fi ìwé pélébé tó bá lẹ́tà náà wá lórí kọ̀ǹpútà hàn mí: orúkọ Báyọ̀ ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Báyọ̀ ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn sí ilé ẹ̀kọ́ tí èmi náà ti ń kọ́ni. Ọdún mẹ́ta ló fi jẹun nílé mi. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi lẹ́tà yín kọ́ àwọn ọmọ, mo kó gbogbo wọn fún un.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Àyèká. Mo pè é ní olè lójú ìyàwó rẹ̀. Kò bú mi padà. Ó gbé àga fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló fi àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.”

Bàbá, òótọ́ ló sọ. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ, n kò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi ló ṣáájú tirẹ̀. Mo kàwé dé yunifásítì, ojú sì ń tì mí láti sọ pé káfíńtà tí kò wọ ilé ìwé rí ni bàbá mi. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ tí mo pa irọ́ náà fún un?

Ó ní òun yóò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ náà bí mo bá lè mú ẹ̀rí kankan wá pé tiyín ni. Mo tú gbogbo ilé. Nígbà náà ni mo rántí pé ẹ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí n kọ orúkọ yín sí abẹ́ àpótí lẹ́tà, pé kò yẹ kí oníṣẹ́ máa polongo ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó ṣe é. Mo ní mò ń kánjú, pé màá kọ ọ́ bí mo bá dé. Ẹ kò tún bi mí mọ́ títí ẹ fi papòdà.

Mo kọ ọ́ lówùúrọ̀ òní. Kò dọ́gba. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àpótí náà mọ́.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an.