Bí A Ṣe Sin Àlejò Burúkú Dé Ọsibítù

Ìdí-Ìyeyè,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Bùkúnmi ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lọ́tọ̀ nítorí mo gbọ́ pé wọ́n wú. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o rìn ní títì Àbújá tí mọ́tò kò kọlù ọ́, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ìyá rẹ kí ọ. Dọ̀tun àbúrò rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà funfun báláú, ìyá rẹ sì ti sọ ọ́ ní Àbújá nítorí kì í gbélé.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù dára, n kò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ló ti máa ń dìde lọ, bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́tẹ̀ yìí kò ṣeé já láàrin, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Má fò sókè. Ara rẹ̀ le, bí mo ti ń kọ̀wé yìí ó ń lọ ata lẹ́yìn ilé, ó sì ń bú mi pé láti àárọ̀ ni mo ti ń fi yíǹkì ṣòfò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣe é tí a kò sọ fún ọ, mo sì fẹ́ tò ó fún ọ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, torí pé ìrìn tìrẹ wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè iṣu ni ìyá rẹ ti fọwọ́ kan kókó kan lára ọyàn rẹ̀ òsì nígbà tó ń wẹ̀. Ó tó hóró àgbàdo. Ojú ń tì mí láti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ, ṣùgbọ́n ọyàn náà ni ìwọ náà mu dàgbà, o kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ó kọ̀. Ó ní ọmú tí Dọ̀tun kò mu tán ló dì síbẹ̀, ṣé n kò rántí bí Dọ̀tun ṣe já ara rẹ̀ lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́ nítorí iṣu. Bùkúnmi, Dọ̀tun ti ń fá irùngbọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo kọ oúnjẹ alẹ́, ebi pa mí, mo jẹ ẹ́ láàárọ̀. Ó ní òun kò lọ síbì kan, ó sì tún mú mi búra pé n kò ní sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá lọ sódò tó pẹ́ díẹ̀, màá ti lọ dúró sójú ọ̀nà, màá ṣe bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mo ń wá.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ fi dé orí fóònù pé o fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọjọ́ mẹ́ta ní Àbújá nítorí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn. Mo rò pé ìyá rẹ ló sọ fún ọ, ìyá rẹ rò pé èmi ni mo tú àṣírí, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ìgbà tó yá ni mo tún wá rò ó pé àfàìmọ̀ ni iṣẹ́ kò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí o kò rí owó ọkọ̀ mọ́, tí o wá ń fi àrùn bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Àbí kí ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tó tutù ní Garki ń fẹsẹ̀ rìn sí, láti Garki dé Kado, láti Kado dé Dei-Dei, níbi tí mo gbọ́ pé màlúù pàápàá ń gun ọkọ̀ lọ?

O ní kí n tẹ ìlà búlúù kan lórí fóònù kí n lè fi owó ràn yín lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ, bí Dọ̀tun ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ni pé kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń bi léèrè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo fara balẹ̀, mo pe orúkọ mi sí i, Adéyẹmọ, mo pe ti bàbá mi, mo pe ti bàbá bàbá mi, mo júwe agbolé wa. Kò dá mi lóhùn. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n tọ́ka sí èyí tí iná tó ń dá mọ́tò dúró wà nínú rẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú iná bẹ́ẹ̀ ní Ìdí-Ìyeyè? Mo ní kó kó àwòrán iṣu wá, màá sọ fún un èyí tó jẹ́ ewùrà àti èyí tó ṣeé gún. Ó ní kí n tún gbìyànjú. Mo pa á, mo sì gbàdúrà fún yín, nítorí Ọlọ́run kò bi mí bóyá ènìyàn ni mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Sàkáríyà, ọmọ Ajíbọ́lá ará ilé wa tó ń ta pákó ní Dei-Dei, pé kó lọ fi ọkọ̀ pákó rẹ̀ gbé ọ. Má bínú sí i, èmi ni mo rán an. Ó sọ fún mi pé òun bá yín ní Kado lẹ́bàá ọjà ẹja, òun ń wakọ̀ tẹ̀lé ọ jẹ́ẹ́jẹ́, òun ń yọrí jáde láti sọ fún ọ pé bàbá rẹ ní kí o bọ́ síwájú ọkọ̀, ìwọ sì ń fọwọ́ bojú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní o wọ ẹ̀wù píǹkì, wọ́n sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ láyà. Ìyẹn dùn mí. Àgbò ọjà Dei-Dei ni mo mọ̀ tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lára, àgbò tó bá sì ti ní nọ́ńbà, ó ti ní ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ nìyẹn. Sàkáríyà ní ọlọ́pàá kan kígbe kai mọ́ òun pé kí òun gbé ọkọ̀ òun kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn, kí ọ̀gá yín kan tó bá òun bẹ̀bẹ̀, tí ẹ sì kó omi mímu yín sínú ọkọ̀ náà. Bó ṣe di ara yín nìyẹn.

Òun náà ló wá là mí lójú. Ó ní kì í ṣe àìlówó ọkọ̀ ló mú yín rìn. Ó ní ẹ ń rìn kí àwọn obìnrin lè mọ̀ pé kí wọ́n tètè máa lọ yẹ ara wọn wò, pé ibi tí ẹ bá ti dúró ni ẹ ti ń pàgọ́ tí nọ́ọ̀sì ń yẹ obìnrin wò nínú rẹ̀, àti pé ìwọ gan-an lo dúró lẹ́nu àgọ́ tí ò ń pè wọ́n wọlé bí ẹni ń polówó. Ó ní Balkis ìyàwó òun wọ̀ ọ́, ó sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké. Ẹ ń sin àrùn náà lọ ni.

Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ta ni kò mọ ìyẹn? Bí àlejò bá wọlé tọ ènìyàn, tó pẹ́, tó jẹ iyán títí tí iṣu fi fẹ́ tán lábà, a kì í lé e. Ńṣe la máa dìde, a ó gba ẹrù rẹ̀, a ó ní kó jẹ́ ká sìn ín sọ́nà, a ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ dídùn títí a ó fi mú un dé ibi tí kò ti ní lè padà. Bí a ṣe ṣe é fún àbúrò ìyá rẹ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ Àbújá ṣe àṣìṣe ńlá kan. A kì í sin àlejò lọ sílé onílé. Ẹ kó àrùn kúrò ní Garki, ẹ wá já a sílẹ̀ ní Dei-Dei lọ́rùn Sàkáríyà tòun tìyàwó tọmọ. Ilé àlejò fúnra rẹ̀ ni a máa ń sìn ín dé. Mo bi àwọn àgbà pé níbo wá ni ilé àrùn, ẹnu wa sì kò pé ọsibítù ni, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé.

Ni mo bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kéde pé Bùkúnmi ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere kan ní Àbújá, ó ku díẹ̀ kó parí rẹ̀, àwa ará ilé ni yóò bá a parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká abúlé, àwọn obìnrin ní àwọn ń lọ, onímàle àti onígbàgbọ́. Ìyá rẹ nìkan ló ní òun kò lọ. Mo ní kò burú, kó jókòó, ṣùgbọ́n kó rántí pé iwájú ilé wa ni wọ́n máa sin àlejò gbà kọjá, òun nìkan ni wọ́n sì máa bá níjòókòó bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. O mọ ìyá rẹ. Ó lè kọ oògùn, ó lè kọ ọsibítù, kò lè kọ ìwà ọmọlúàbí. Kí n tó wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wé gèlè.

Ọ̀nà ìlú tí ọsibítù wà kò gbà tó ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀yin rìn, a pín in sí mẹ́ta. Bí a bá rin ìdá kan, a ó padà wálé nítorí adìẹ, bó bá di ọjọ́ kejì a ó wọkọ̀ dé ibi tí a dúró sí, a ó tún sọ̀kalẹ̀ máa rìn. Dọ̀tun ní bí a bá lè wọkọ̀ débẹ̀, kí ló dé tí a kò wọ̀ ọ́ dé ọsibítù. Mo ní kó dákẹ́. Ọmọ tó já ara rẹ̀ lẹ́nu ọmú, kí ló mọ̀? A kò ní ẹ̀wù píǹkì, oníkálukú wọ èyí tó sún mọ́ ọn, èmi wọ agbádá pupa mi tó ti ṣá. Àwọn obìnrin kọrin, wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn wá, inú wa sì ń dùn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wọ ọgbà ọsibítù torin-torin, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀, Mùfúlíátù lorúkọ rẹ̀, sáré jáde, ó rò pé ìjà ni. Mo ṣí fìlà, mo sọ fún un pé jẹjẹrẹ ọyàn ni a sìn padà wá sílé rẹ̀, kó bá wa gbà á wọlé, kó sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ó wò mí títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbà á, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan wà nílé àwọn: obìnrin tó bá sin irú àlejò bẹ́ẹ̀ wá, àwọn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó padà, kí àlejò má baà gbàgbé ẹrù sí i lára. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn. Ó gbọ́ èdè wa.

Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ń sún sẹ́yìn, ó ń sún sẹ́yìn, títí tí ẹ̀yìn fi tán. Ó wọlé. Ó pẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, n kò rántí orin kankan mọ́. Nígbà tó jáde, ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò dán wò láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Nọ́ọ̀sì ní lóòótọ́ ni kókó wà níbẹ̀, pé àwọn ti fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá kí ẹ̀rọ wò ó. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà máa ní kí ìyá rẹ fi hàn pé ènìyàn ni. Ó ní rárá.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń retí èsì, èmi Adéyẹmọ ni mo ń pọnmi, èmi ni mo ń gúnyán. Ìyá rẹ tọ́ iyán náà wò, ó ní kókó inú rẹ̀ ju èyí tó wà lára òun lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Àná ni èsì dé, a sì lọ gbọ́ ọ ní ọsibítù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹ́ kí n tún un kọ kí o lè rí i dáadáa: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nọ́ọ̀sì Mùfúlíátù ní kókó lásán ni, wọn yóò yọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kó máa padà wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ dìde, ó jó yí bẹ́ǹṣì náà ká, ó wá kọjú sí mi, ó ní ṣé òun kò sọ fún mi pé ọmú Dọ̀tun ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sí àríyànjiyàn tí obìnrin yìí borí mi nínú rẹ̀ tí inú mi dùn sí, àfi èyí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Bí bàbá bá kọ̀wé sọ́mọ tí kò dárúkọ owó, ọmọ náà á rò pé ara rẹ̀ kò yá. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún ti Ọjọ́bọ̀, má sì fi gba ọ̀nà ìlà búlúù o. Gbé e fún Tony, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí àti iṣu wá fún ọ, òun mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Fi bàtà onírọ́bà tó nípọn kún un fún ìyá rẹ, nítorí ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun ń bọ̀ wá bá ọ rìn láti Garki. Ó fẹ́ ẹ̀wù píǹkì. Ó fẹ́ nọ́ńbà láyà pẹ̀lú. Mo ti sọ ti àgbò fún un, kò gbọ́.

Bùkúnmi, ìyá oníyàá tí o kò mọ̀ rí lo jáde rìn fún, o kò mọ̀ pé ìyá tìrẹ wà lójú ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní kọ. Ibi yòówù tí o bá ń lọ, ire ni yóò máa sìn ọ́ débẹ̀, ire náà ni yóò sì máa sìn ọ́ padà wá bá wa nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyẹmọ Fọláyan.

Ìyá rẹ ti fi ata sílẹ̀, ó ti gba bíírò lọ́wọ́ mi. Òun ló kọ èyí tó kù yìí:

Bùkúnmi, gbogbo ohun tí bàbá rẹ kọ ni mo ti kà, ó ti pọ̀ jù. Sàkáríyà ní ìwọ lo ń pe àwọn obìnrin wọ inú àgọ́, òun kò rí i kí ìwọ fúnra rẹ wọ̀ ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, mo mọ agídí tí mo fún ọ mu. Lọ́jọ́bọ̀ tí mo bá ń lọ, kí ìwọ náà máa lọ.