Ẹja Tí Ẹ Mú Tí Ẹ Tún Dá Padà Sómi

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìgbádùn, torí mo ti gbọ́ bí o ṣe ń gbádùn. Ṣé ara le? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ bó ṣe tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí o bá rí ibi tí bírò ti gún ìwé yìí já, má bínú, èmi ni inú ń bí.

Obìnrin oníwádìí kan wá sí èbúté wa láti ilé ìwé gíga, ó ní ètò ọrọ̀ ajé ẹja lòun ń kọ́. Ó mọ èèyàn kí, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀rọ òun ló máa mú orúkọ àwọn tí òun máa bi léèrè ọ̀rọ̀, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ìgbà tó pe orúkọ mi, mo rò pé tẹ́tẹ́ ni mo jẹ. Mo sáré lọ wẹ̀, mo wọ aṣọ ìgbéyàwó mi, mo gbé àpò ńlá dání. Àṣé ìbéèrè lásán ni mo jẹ.

Ó bi mí nípa epo tí ọkọ̀ mi ń mu, nípa àwọ̀n, nípa bí mo ṣe ń pẹ́ tó lórí omi. Mo dáhùn. Ó wá ní, tí wọ́n bá ní ká má da àwọ̀n síbi tí ẹja ń yé sí fún ọdún kan, èló ni màá gbà tí inú mi ò fi ní bàjẹ́? Ọmọ mi, mo gbaná jẹ. Mo ní ta ló rán an wá ra omi? Mo ní kó lọ bi bàbá tó bí i pé èló ni yóò gbà kó má fojú kàn án fún ọdún kan. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ra nǹkan kan, pé ká kàn ṣe bíi pé ni. Mo ní bíi pé yẹn náà ni olè fi ń wọlé. Mo dìde.

Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó yọ ìdáhùn mi kúrò! Ó ní ẹni tó bá fi ìbínú kọ̀ láti dárúkọ iye kan, wọn kì í kà á mọ́ ọn.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀rọ náà tún mú bàbá kékeré rẹ, àbúrò mi tá a jọ ń wa ọkọ̀ kan. Òun ò bínú ní tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà ti ra alùpùpù fún òun, kí wọ́n máa gbé omi lọ. Oníwádìí wá ní ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ mú ló dúró fún àádọ́ta apẹja. Mo wo ẹ̀yìn àbúrò mi, n kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Báwo ni àádọ́ta èèyàn ṣe fẹ́ gun alùpùpù kan? N kò bá a wa ọkọ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo ń fa àwọ̀n, ẹ̀yìn sì ń ro mí.

Ibi tó kàn ọ́ nìyí. Obìnrin náà dé òdìkejì omi, lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú ńlá tó ń wá fi ìwọ̀ ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á mú ẹja, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á fẹnu kò ó lẹ́nu, wọ́n á dá a padà. Mo ní èló ni wọ́n ń ta irú ẹja bẹ́ẹ̀? Ó ní ìgbádùn wọn làwọn ń wọ̀n. Pé epo tí wọ́n jó àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sùn làwọn fi ń mọ bí omi ṣe níye lórí tó lójú wọn. Èmi tí mo ń fẹsẹ̀ rìn dé etí omi, omi ò níye lórí lójú mi nìyẹn!

Kí inú mi lè rọ̀, ó fi fọ́tò ọkùnrin kan hàn wá, ó dé fìlà gbàgàdà, ó gbé ẹja dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni yìí láyọ̀ gan-an, ọkùnrin náà lóun mọ omi náà láti kékeré. Ìyá rẹ wò ó títí, ó wọlé lọ. Ìwọ ni.

O dé òdìkejì omi. O rí òrùlé wa, o rí èéfín níbi tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja, o ò sọdá. Òtẹ́ẹ̀lì lo sùn! Wọ́n sì ti ka owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ mọ́ tàwọn ará ìlú ńlá tó ń fẹ́ ká kó àwọ̀n wa kúrò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹja kan ṣoṣo tí mo dá padà sómi láyé mi, ńṣe ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni mo sì fi ìyókù san.

Nígbà tí bàbá kékeré rẹ gbọ́, ó wá bọ́ sínú ọkọ̀ láàárọ̀ láìkí mi, ó gbá ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n kan mú. Ó ní òun ta omi lóòótọ́, àmọ́ ìwọ ta òun. Àwa méjèèjì lọ bá oníwádìí. Ó ní ìdáhùn alùpùpù ti wọlé, kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fòfin de ohunkóhun, òun á kó apá méjèèjì omi jọ lóṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lójú ara wọn. Mo ti ní kó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Apá tó o máa jókòó sí, mo fẹ́ wò ó.

Nǹkan tá a nílò ni owó okùn àwọ̀n àti ti ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́. Má fi sínú fóònù o. Fóònù bọ́ sómi lọ́jọ́ kan, mo sá a sóòrùn, n kò mọ iye tí omi ti gbé lọ nínú èyí tó o fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ní ti fọ́tò náà, ìyá rẹ kàn ní kí n kọ ọ́ síbí pé o ti rù.

Omi ò ní gbé ọ lọ. Ibi tó o bá ti ń wá ayọ̀, wàá rí i, wàá sì máa rántí ẹni tó wà lápá kejì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, inú ṣì ń bí mi.