Màámi, Ẹ Má Fi Òrí Kun Ọrùn Bàámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú àìsùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó níbí. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní mi ò ní kí wọ́n fọhùn, kí wọ́n ṣáà mi orí sí mi. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ, ẹ kí gbogbo jàmáà mọ́sálásí wa l'Áràn-Ọ̀rin, tí wọn ò gbọ́ ohùn làdánì wọn tó ń pe ìrun mọ́ láti ìgbà tí nǹkan ti hù sí Bàámi lọ́fun.

Òtútù ti tún dé síbí. Gbogbo ọwọ́ mi ló ń là. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ló ń gbà mí, àmọ́ kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ dànù pátápátá. Ọ̀rọ̀ òrí yìí náà ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo jókòó, mo tún dìde.

Lórí fóònù, ẹ ní dókítà ti dá ọjọ́ tí wọn yóò fi lésà jó nǹkan náà kúrò n'Ílọrin. Inú mi dùn. Ẹ wá ní ẹ ó fi òrí kun ọrùn àti àyà Bàámi dáadáa, ẹ ó sì fi lọ́fínńdà tí Àfáà ṣàdúà sí ra irùngbọ̀n wọn, pé ara kì í gbẹ lọ bá àjèjì. Mo ní ẹ má dán an wò. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi, pé ẹ ó fi aṣọ bò ó, nọ́ọ̀sì ò ní mọ̀. Há, Màámi! Àyà mi já.

Ẹ gbọ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ni lésà yẹn, àmọ́ ó ń jó bí irin tó pọ́n. Wọ́n á tún máa fẹ́ atẹ́gùn ọ́síjìn sí aláìsàn nínú, iná sì fẹ́ràn atẹ́gùn yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn abẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ wá fi òrí àti lọ́fínńdà kún un, kí ló kù? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé gbé kẹrosíìnì sún mọ́ ààrò! Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi aṣọ tútù bo ojú àti ọrùn aláìsàn, tí wọ́n ń dín atẹ́gùn kù kí wọ́n tó tan lésà. Omi á wà lọ́wọ́ tèmi. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró ti omi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ kan gbẹ lẹ́bàá ètè bàbá kan, a ò fura. Lésà kàn án, iná sọ lójijì. Dókítà pariwo pé kí wọ́n pa atẹ́gùn, mo da omi lé e. Iná náà kú kí n tó mí. Ètè bàbá náà bó díẹ̀, wọ́n sì ti lọ sílé. Àmọ́ irùngbọ̀n wọn funfun bíi ti Bàámi. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti dijú, ojú Bàámi ni mò ń rí lábẹ́ aṣọ.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń mú yín gbé òrí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ fi ọṣẹ lásán wẹ̀ wọ́n, kí ẹ ṣàdúà sí àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ fi ra wọ́n lórí. Ọlọ́run ò ní kó dìgbà tí ọwọ́ bá yọ̀ kóun tó gbọ́. Bí ẹ bá sì ti fi kun wọ́n ná, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè wọ̀ yín létí, kódà bí ẹ bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo kí ẹ tó rántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lè kanra mọ́ yín díẹ̀, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á dúró kí ara Bàámi gbẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta, torí ìyàwó làdánì nìkan kọ́ ló ń fi òrí pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Màámi, gbogbo jàmáà ló ń tọrọ kí ohùn Bàámi padà. Mò ń ṣe àmín. Àmọ́ bí ohùn ò bá padà, ẹlòmíì á pe ìrun. Bàámi gan-an ni kí ẹ bá mi mú padà wálé.

Ọlọ́run á bá Bàámi di ọwọ́ àwọn tó máa tọ́jú wọn mú. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín tí kò lè jókòó,
Ṣìfáwù.